Àgbàrá òjò ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége

Àgbàrá òjò ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége ni omi òjò tí ó máa ń ṣàn láti orí òrùlé, títì àti àgbàlá àwọn ilé iṣẹ́ ní ìhà àríwá ìlú Èkó, tí ó ń gba inú gọ́tà, kánáàlì àti àwọn odò kéékèèké kọjá, tí ó sì ń já sínú ọ̀sà. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, omi inú àwọn ojú ọ̀nà wọ̀nyí kì í ju ti kókósẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá rọ̀, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn a di odò tí ń ru gùdù, tí ó lágbára láti gbé ènìyàn, ọ̀kadà àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ.

Ìwà tí omi yìí ń hù kò yàtọ̀ sí ti odò tí ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá máa ń tu káyáàkì tàbí ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn ti kọ́ nípa omi tó ń sáré wúlò gidigidi fún ará Ìkẹjà àti Agége. Ohun tó yàtọ̀ ni pé atukọ̀ orí òkè mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú omi ni, pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn, àṣíborí lórí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tó lè gbà á là. Ọmọ iléèwé tàbí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń darí relé lábẹ́ òjò kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

## Orúkọ

Nínú èdè Yorùbá, àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Ó yàtọ̀ sí odò, tí ó ní orísun tirẹ̀. Bí omi náà bá wọlé tọ ènìyàn lọ, omíyalé ni à ń pè é, àwọn ará ìlú a sì máa fi kún un pé "omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù". Òwe àwọn àgbà kan sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe náà fi yé wa pé omi kò ní ẹ̀tanú sí ẹnikẹ́ni, kò sì ní ojú àánú; ọwọ́ ẹni tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni ìṣọ́ra wà.

## Ilẹ̀ àti ojú ọ̀nà omi

Kò sí òkè gíga ní Ìkẹjà. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí ó wà ní àdúgbò náà, ga ní nǹkan bí mítà 41 sí orí ìpele òkun. Ibi gíga díẹ̀ yìí ni omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà Èkó. Nítorí pé ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi ibẹ̀ kò lè sáré. Èrò yìí kò tọ̀nà, nítorí pé ìdagẹ̀rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń mú omi sáré. Bí omi náà ti pọ̀ tó àti bí ojú ibi tó ń gbà ti dán tó wà lára ohun tó ń mú un sáré pẹ̀lú. Bí omi méjì bá jìn bákan náà lórí ìdagẹ̀rẹ̀ kan náà, èyí tó wà nínú kánáàlì oníkọnkéré lè yára tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú odò tí koríko àti òkúta wà nínú rẹ̀.

Odò tí a mọ̀ jù lọ ní ìhà yìí ni Odò Ìyá Aláró. Orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìyá tí ń fi aró rẹ aṣọ. Odò náà ń gba omi láti agbègbè ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Orẹ́gùn, ó ń kọjá lábẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú láàrin Maryland àti Ọjọ́ta, ó sì ń lọ sí ọ̀sà ní ìhà Ògùdù. Òun ló ń gbé omi ẹ̀gbin tó ń jáde láti inú àwọn ilé iṣẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tí omi ọ̀sà bá kún, omi odò náà kì í lè tètè jáde; a máa dá padà sẹ́yìn, àwọn àdúgbò tó wà nísàlẹ̀, bíi Méǹdé àti Ògùdù, a sì kún fún omi.

Àgbàrá inú ìlú yàtọ̀ sí ìkún omi Odò Ògùn, tí ó máa ń bo Ìṣẹrì àti àwọn ibùgbé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú nígbà tí òjò bá pọ̀ lókè tàbí tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀. Ìkún Odò Ògùn máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dé, ìkìlọ̀ sì lè ṣáájú rẹ̀. Àgbàrá Ìkẹjà àti Agége kì í fún ènìyàn ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

## Bí agbègbè ilé iṣẹ́ ṣe sọ òjò di àgbàrá

Kí ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀, oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Agége lókìkí fún oko kòkó àti obì. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, gba Agége kọjá, ó sì mú kí òwò obì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ọgbà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, nítorí pé Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba náà títí di ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Ìkẹjà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1976. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́, ilé gbígbé, ọjà àti títì ti bo ilẹ̀ láti Ọba Àkran dé Ọ̀gbà, Agídíngbì, Orẹ́gùn àti Agége.

Ilẹ̀ oko máa ń mu omi. Òrùlé páànù, títì ọ̀dà àti àgbàlá oníkọnkéré kì í mu ún. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ láàrin wákàtí kan sórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, omi tó bọ́ sílẹ̀ jẹ́ lítà 500,000, èyí tí í ṣe ẹrù tánkà omi 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé lítà 10,000. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ òrùlé àti kọnkéré, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ni yóò wá ojú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbà ilé iṣẹ́ kan lè gbà ju hẹ́kítà kan lọ dáadáa, gọ́tà kan náà sì lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọgbà.

Ìdọ̀tí ni ó ń parí iṣẹ́ náà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, igi àti iyẹ̀pẹ̀ a máa dí ẹnu ihò omi lábẹ́ títì, omi a sì gun orí títì lọ. Nígbà náà, ẹni tó ń rìn kò ní mọ ibi tí títì pin sí àti ibi tí kánáàlì ti bẹ̀rẹ̀.

## Àkókò òjò àti àwọn ìjàǹbá

Òjò Èkó pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje, oṣù Kẹfà sì ni ó máa ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, òjò a tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó lé ní mílímítà 200 rọ̀ ní Èkó láàrin ọjọ́ kan. Àwọn ènìyàn kú, ilé wó, ọ̀nà sì dí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, àgbàrá wó àwọn afárá ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Ìbàdàn: ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún tí ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ, tí orúkọ odò kékeré náà sì di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú Ògùnpa ni pé kékeré odò kì í ṣe ìdánilójú ààbò. Odò tí ènìyàn ń fò kọjá ní àárọ̀ lè gbé ilé ní ìrọ̀lẹ́.

## Bí omi tó ń sáré ṣe lágbára tó

Mítà onígun mẹ́ta kan omi wúwo tó kílò 1,000. Agbára tí omi fi ń ti ohun tó dúró nínú rẹ̀ kì í pọ̀ bí eré rẹ̀ nìkan. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bí àgbàlagbà bá dúró nínú omi tó dé orúnkún, tí omi náà ń rìn ní mítà kan láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, omi yóò máa ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ìwọ̀n kílò 5. Bí eré náà bá di mítà mẹ́ta, ó ti tó kílò 45, ó kù díẹ̀ kí ó tó àpò sìmẹ́ǹtì kan. Kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ méjì dúró pẹ́ lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí kọnkéré tó ń yọ̀.

Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ pé omi tó ń sáré tó jìn ní sẹ̀ńtímítà 15 péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú, pé sẹ̀ńtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré, àti pé sẹ̀ńtímítà 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńláńlá. Ohun tó fà á ni pé ọkọ̀ máa ń léfòó bí omi bá ti dé abẹ́ rẹ̀. Táyà kò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́, omi a sì máa tì í lọ síbi tí ó bá wù ú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí ó fúyẹ́ ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, tètè máa ń lọ.

## Ewu tó fara sin

Àwọn tó ń tu káyáàkì máa ń kọ́kọ́ dúró sí bèbè láti ka ojú omi kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ibi tí omi bá wú sókè, nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó bá ń yí po lójú kan, omi ń wọ ihò lọ níbẹ̀. Ní Ìkẹjà àti Agége, omi náà pọ́n, ó sì dọ̀tí, ojú kò sì lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà àmì wọ̀nyí ni ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn lè rí. Àwọn ewu tó wọ́pọ̀ jù ni:

- Asẹ́. Ohunkóhun tó ń jẹ́ kí omi kọjá ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá: irin tí a fi dí ẹnu ihò omi, igi tó ṣubú, wáyà, òkìtì ìdọ̀tí. Omi yóò tẹ ènìyàn mọ́ ọn, kò sì ní sinmi. Àwọn atukọ̀ odò òkè bẹ̀rù rẹ̀ ju àpáta lọ.
- Ihò omi lábẹ́ títì. Bí omi bá ti kún inú rẹ̀ dé òkè, kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, ẹni tó bá wọlé kò sì mọ ibi tí yóò ti jáde.
- Gọ́tà tí kò ní ìdérí. Nígbà tí omi bá bo títì, ihò náà kò yàtọ̀ sí ibi tó kù.
- Omi tó ń yí padà lábẹ́ ògiri. Níbi tí omi bá ti ré kọjá ìpele kan nínú kánáàlì, a máa yí padà sẹ́yìn nísàlẹ̀, a sì máa gbé ohun tó bọ́ síbẹ̀ sókè sódò láìjẹ́ kí ó lọ. Ojú rẹ̀ lè dà bí ibi tí omi ti rọlẹ̀.
- Ẹsẹ̀ há. Bí ènìyàn bá gbìyànjú láti dìde nínú omi tó ń sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè há sáàrin òkúta tàbí kọnkéré tó fọ́, omi a sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.
- Wáyà iná àti májèlé. Iná mànàmáná lè wà nínú omi níbi tí òpó bá ṣubú. Ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́ àti omi ilé iṣẹ́ tún wà nínú rẹ̀, èyí tó lè fa onígbáméjì àti àrùn awọ ara.

## Ìpele odò àti ìdí tí kánáàlì kò fi bá a mu

Àwọn atukọ̀ káàkiri àgbáyé pín odò tó ń sáré sí ìpele mẹ́fà. Ìpele kìn-ín-ní ni omi tó kàn ń ṣàn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìkejì àti ìkẹta ní ìgbì tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ti mọ̀ díẹ̀ lè kọjá. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún jẹ́ ti àwọn àgbà ọ̀jẹ̀. Ìkẹfà sì ni èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀ débi pé ènìyàn díẹ̀ ló ti dán an wò. Ní Áfíríkà, odò Sàmbésì nísàlẹ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Victoria àti odò Náílì Funfun ní Jinja ní orílẹ̀-èdè Uganda gbajúmọ̀ fún irú eré yìí. Ní Nàìjíríà, ibi tí omi ti ru jù lórí Odò Ọya ni Bùsá, níbi tí Mungo Park, ará Scotland, ti kú sínú omi ní ọdún 1806. Adágún ìdídò Kainji, tí wọ́n parí ní ọdún 1968, ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí a bá fi ojú lásán wo ìgbì inú kánáàlì Agége, ó lè dà bí ìpele kejì. Ṣùgbọ́n ìpele odò dá lórí pé odò ní bèbè tí ènìyàn lè gùn, ó sì ní ibi ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn àpáta tí atukọ̀ lè sá sí sinmi. Kánáàlì ní ògiri gíga lápá méjèèjì, kò ní ibi ìsinmi, ìparí rẹ̀ sì ni asẹ́ tàbí ihò abẹ́ títì. Nítorí náà, àgbàrá kò ní ìpele tí ó rọrùn.

## Ààbò

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ènìyàn má wọ inú rẹ̀ rárá. Àgbàrá ìlú máa ń tètè fà. Ẹni tó bá dúró sí ibi gíga fún wákàtí kan tàbí méjì lè rí ilẹ̀ tí kò lè rí tẹ́lẹ̀. Iléèwé tó dá ọmọ dúró títí omi yóò fi fà, àti ilé iṣẹ́ tó jẹ́ kí àwọn tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ dúró sínú ọgbà, ti gba ẹ̀mí là láìná kọ́bọ̀. Kí awakọ̀ tó bá rí omi tó bo títì yí padà, pàápàá ní alẹ́.

Bí omi bá gbé ènìyàn, ohun tí àwọn atukọ̀ odò òkè ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni pé:

1. Kí ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú sí ibi tí omi ń lọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì wà lójú omi. Ẹsẹ̀ ni kí ó fi pàdé ohun tó bá wà níwájú, kì í ṣe orí.
2. Kí ó má gbìyànjú láti dìde títí yóò fi dé ibi tí omi ti rọlẹ̀ tí kò sì jìn.
3. Kí ó máa fi apá wẹ̀ ní ìdábùú lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá dojú kọ omi láti padà síbi tó ti wá yóò rẹ̀.
4. Bí asẹ́ bá wà níwájú tí kò sì lè yẹ̀ ẹ́, kí ó yí padà, kí ó fi àyà lúwẹ̀ẹ́ sí i, kí ó sì gbé ara rẹ̀ gun orí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ibí yìí nìkan ni orí ti máa ń ṣáájú.
5. Bí ó bá wà nínú ọkọ̀ tí omi ti ń gbé, kí ó tú bẹ́líìtì, kí ó gba ojú fèrèsé jáde, kí ó sì gun orí ọkọ̀.

## Gbígba ẹlòmíràn là

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó fò sínú omi láti gba ọmọ là máa ń bá ọmọ náà lọ. Nítorí èyí, àwọn agbẹ̀mílà ní ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lé, tí wíwọ inú omi sì jẹ́ èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Lákọ̀ọ́kọ́, pe ẹni náà, kí o sì tọ́ka ibi tí yóò lúwẹ̀ẹ́ sí. Lẹ́yìn náà, na igi gígùn tàbí ọ̀pá sí i, kí o sì dùbúlẹ̀ kí ó má bàa fà ọ́ wọlé. Bí igi kò bá tó o, ju okùn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo tí a dé lẹ́nu, tí a sì so okùn mọ́, lè mú àgbàlagbà léfòó dáadáa, kò sì sí àdúgbò tí kò sí kẹ́ẹ̀gì. Kí ẹni tó ń fa okùn má so ó mọ́ ara tàbí ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹni tó wà nínú omi bá ti di okùn mú, omi fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́; kò pọn dandan láti fà á lòdì sí omi.

Bí a bá gbé e jáde tí kò mí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kí ó sì máa tẹ àyà rẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó tilẹ̀ mí, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe é ní ibi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkẹjà. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767. Àjọ LASEMA ni ó ń bójú tó ìpè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn panápaná.

## Ìdènà

Àjọ NiMet máa ń kéde bí òjò ọdún yóò ṣe rí kí àkókò òjò tó wọlé, àjọ NIHSA náà sì máa ń sọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkún omi lè bá. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká àti omi ni ó ń kó ìdọ̀tí inú kánáàlì, ó sì ti wó ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin de ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn olóúnjẹ ń di oúnjẹ sí, nítorí pé ó wà lára ohun tó ń dí gọ́tà jù.

Iṣẹ́ kékeré wà fún àdúgbò àti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú. Ìdérí lórí gọ́tà, ọ̀pá tí a kùn ní funfun àti pupa lẹ́bàá kánáàlì kí ènìyàn lè mọ ibi tí títì pin sí, irin ìdìmú lára ògiri kánáàlì, àti okùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ní ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kò náni lówó púpọ̀. Omi òjò tí ilé iṣẹ́ bá gbà sínú táǹkì láti orí òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú yóò dín ohun tó ń lọ sínú gọ́tà kù, ó sì tún wúlò fún fífọ ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.